Rẹ́kọ́ọ̀dù Onírun-Ìṣó Tí Bàbá Jó

Ṣọ́ọ̀bù Àga,
Ọjọ́rú, aago mẹ́wàá àárọ̀.

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ, mo kí àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo gbà pé ara yín le, pé ẹ̀yìn tó ń dùn ọ́ nígbà tí a sọ̀rọ̀ kẹ́yìn ti fi ọ́ lọ́rùn sílẹ̀, àti pé àwọn ọmọ ilé ìwé rẹ kò tíì fi ìṣirò sọ ọ́ di arúgbó. Ara èmi náà le, àfi orúnkún òsì tó ń dún bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo. Ọkọ mi wà dáadáa, ó ní kí n kí ọ. Bàbá náà wà. Dákun, má tíì ká ìwé yìí pọ̀. Mo mọ̀ ọ́, mo mọ̀ pé ọwọ́ rẹ ti fẹ́ ká a.

Ìdí tí mo fi jókòó ti bébà àti bírò ní ayé fóònù yìí kò ju ọ̀kan lọ. Bí mo bá ti dárúkọ Bàbá lórí fóònù, kíá ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì ọ̀dọ̀ yín máa ń bàjẹ́. Bí a bá ń sọ̀rọ̀ òjò, ohùn rẹ á mọ́ gaara. Bí a bá ń sọ̀rọ̀ àwọn ọmọ, á tún mọ́ sí i. Kí n ṣáà ti ní "Bàbá ní," ó di "Ẹ̀gbọ́n mi, mi ò gbọ́ yín mọ́ o, ohùn yín ń já." Ohùn ta ló ń já? Lẹ́tà kò ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ọ́. Jọ̀ọ́, kà á dé ìsàlẹ̀. Lẹ́yìn náà, bó bá wù ọ́ kí o bínú, bínú.

Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ nìyí: mo ti rí àwọn rẹ́kọ́ọ̀dù rẹ. Gbogbo márààrún. Bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí, wọ́n wà níwájú mi lórí tábìlì tí mo fi ń gé aṣọ àga, mo ti fi aṣọ gbígbẹ nù wọ́n, kò sí èyí tó fọ́, kò sí èyí tí iná tilẹ̀ kàn. Bàbá kò dáná sun ún. Jẹ́ kí n tún un kọ, torí mo mọ̀ pé wàá fẹ́ kà á lẹ́ẹ̀kejì. Bàbá kò dáná sun rẹ́kọ́ọ̀dù rẹ.

O mọ àga gígùn tó wà ní pálọ̀, èyí tí Bàbá fọwọ́ ara wọn kàn nígbà tí ṣọ́ọ̀bù ṣì wà lọ́wọ́ wọn. Aṣọ rẹ̀ ti ṣí, fóòmù ìdí rẹ̀ ti rì débi pé bí àlejò bá jókòó, a ní láti fà á dìde. Èmi tí mo ń tún àga gbogbo àdúgbò ṣe, àga ilé bàbá mi ló ń tì mí lójú. Ṣùgbọ́n ìgbàkígbà tí mo bá ní kí n gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù, Bàbá á ní, "Má fọwọ́ kàn án. Ó ṣì dára." Ó dára níbo? Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, ọkọ mi gbé wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà elétí, mo sì mọ̀ pé ìlà ibẹ̀ máa ń gùn, wọn kò ní tètè dé. Mo mú òòlù, mo mú ẹ̀mú, mo pe ara mi ní akọni, mo yí àga náà dojú bolẹ̀.

Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀, bí Bàbá ṣe kọ́ mi. Ibẹ̀ ni mo ti rí nǹkan tó dá ọwọ́ mi dúró. Ihò ìṣó ti pọ̀ jù. Àga tí a kàn lẹ́ẹ̀kan, ìlà ihò kan ṣoṣo ló máa ń wà lára igi rẹ̀. Bí a bá tún un ṣe, ó di méjì. Àga yìí, ìlà ihò méjìlá ni mo kà, wọ́n ń gun ara wọn, bẹ́ẹ̀ aṣọ kan náà tí a mọ̀ láti ilẹ̀ ló ṣì wà lára rẹ̀. Ìyẹn ni pé ẹnìkan ti ń tú ẹ̀yìn àga yẹn, tó tún ń kàn án padà, lẹ́ẹ̀mọ́kànlá, láìpààrọ̀ ohunkóhun. Ta ló ń ṣe irú iṣẹ́ òfo bẹ́ẹ̀? Ìṣó náà sì jìnnà síra wọn ní ìwọ̀n ìka kan, ó gún régé láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ọwọ́ Bàbá ni. Èmi gan-an kì í kàn án tó bẹ́ẹ̀ yẹn.

Mo fa aṣọ náà kúrò. Pátákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ méjì ló wà lẹ́yìn rẹ̀, àlàfo kékeré wà láàárín wọn, a sì ki nǹkan kan tí a fi aṣọ funfun wé bọ inú àlàfo náà. Ó wà ní ìdúró. Bàbá ò tẹ́ ẹ sílẹ̀, wọn ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó lé e. Mo tú aṣọ náà, àwọn Onírun-Ìṣó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń wò mí láti ojú páálí rẹ́kọ́ọ̀dù pẹ̀lú irun ṣóńṣó wọn. Mo ké "Yéè!" débi pé obìnrin aránṣọ tó wà ní òdìkejì títì sáré wọlé, ó rò pé mo ti fi òòlù lu ìka mi. Mo ní kó máa lọ, pé kò sí nǹkan kan. Mi ò lè ṣàlàyé fún un.

Ó ṣeé ṣe kí o ti gbàgbé pé Bàbá ló sọ wọ́n ní Onírun-Ìṣó. Orúkọ gidi ẹgbẹ́ yẹn kò gba ẹnu wọn rí, wọ́n kàn wo àwòrán tó wà lójú páálí, wọ́n ní irun tó dúró báyẹn, ìṣó ni. Ìwọ máa ń bínú, wàá ní níú wéfù ni orin náà, pé gbogbo ayé ló ń gbọ́ ọ. Màmá bi ọ́ léèrè ìtumọ̀ níú wéfù, o ní ìgbì tuntun, Màmá ní ìgbì wo ló ń lu kíbọ́ọ̀dù. Ọdún mẹ́ta lo fi kó márùn-ún yẹn jọ, láti ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ kan sí ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ mìíràn. O kì í jẹ́ kí èmi tí mo jẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ fọwọ́ kàn án. Bí mo bá sún mọ́ ọn, o ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ọwọ́ yín ní gọ́ọ̀mù." Ó sì ní gọ́ọ̀mù lóòótọ́.

Jẹ́ kí n wá sọ ọjọ́ náà bí mo ṣe rántí rẹ̀, torí ó yẹ kí o mọ ibi tí gbogbo wa ti ṣì í. Ọdún 1987 ni. O ti fìdí rẹmi nínú ìṣirò lẹ́ẹ̀mejì, ìwọ tó o ń gbowó oṣù lórí ìṣirò lónìí. Bàbá dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ, wọ́n ní, "Bí o bá tún kùnà lẹ́ẹ̀kẹta, màá jó àwọn Onírun-Ìṣó yìí níná." O lọ ṣe ìdánwò ní ìlú kejì, o lo ọ̀sẹ̀ méjì níbẹ̀. Ọjọ́ Sátidé lo dé. Bẹ́ẹ̀, ọjọ́ Sátidé la máa ń sun àjákù fóòmù àti àpò ògbólógbòó lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, èéfín dúdú sì ti bo gbogbo àgbàlá. O gbé báàgì rẹ sílẹ̀, o wọ yàrá, o rí i pé orí ṣẹ́ẹ̀fù ṣófo, o jáde wá bá wa. O ní, "Bàbá, rẹ́kọ́ọ̀dù mi dà?"

Ìṣó wà lẹ́nu Bàbá, bí wọ́n ṣe máa ń kó o sẹ́nu bí wọ́n bá ń kàn àga. Wọ́n rọra tu ú sọ́wọ́. Wọ́n ní, "Mo ti jó wọn. Gbogbo rẹ̀ pátá ni mo jó, ojú kìíní, ojú kejì."

O wo èéfín. Èmi náà wo èéfín. O sì sọ nǹkan tí mi ò tíì gbọ́ lẹ́nu ọmọ kankan sí bàbá rẹ̀ rí nínú ilé wa. O ní, "O ò dára. O ò mọ nǹkan kan láyé yìí ju ìṣó lọ." O ò ní "ẹ." O ní "o." Sí Bàbá! Òòlù dúró lọ́wọ́ mi. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́ tán, o ti lọ sí ọ̀dọ̀ àbúrò Màmá, láti ibẹ̀ o sì gba ibi tó o wà dòní lọ. O yege ìdánwò náà, lẹ́tà àbúrò Màmá la fi gbọ́. Ọdún méjìdínlógójì nìyẹn. Nígbà tí Màmá kú, o wá, o tọ Bàbá lọ, o ní "Ẹ kú ìrọ́jú, sà," bí ẹni tó ń kí ọ̀gá ilé ìfowópamọ́, o sì padà sílé rẹ. Sà! Bàbá tó bí ọ.

Mo ní ẹ̀bi tèmi nínú ọ̀rọ̀ yìí, mi ò sì ní fi pamọ́. Lẹ́yìn tó o lọ, o kọ̀wé sí mi pé kí n wò ó bóyá ó ṣẹ́kù ọ̀kan. Mo fèsì pé kí o má da ara rẹ láàmú, pé èmi fúnra mi ni mo gbá eérú wọn. Eérú wo ni mo gbá? Eérú fóòmù ni. Mi ò tú u wò. Mi ò wo kọ́bọ́ọ̀dù, mi ò bi Bàbá léèrè, mo kàn gbá a, mo sì lu òǹtẹ̀ sí i fún ọ. Ó ń dùn mí gan-an. Jọ̀ọ́, àbúrò mi, fi jì mí.

Ẹ jẹ́ ká padà sí ọ̀rọ̀ rẹ́kọ́ọ̀dù. Ẹ̀rọ ìgbórin Màmá ṣì wà lókè kọ́bọ́ọ̀dù, ó ti dákẹ́ láti ọjọ́ pípẹ́. Mo gbé e lọ bá Wáyà, ọkùnrin tó ń tún rédíò àti fóònù ṣe ní ìkángun títì wa. Orúkọ ìnagijẹ rẹ̀ nìyẹn, kò sí ẹni tó mọ orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́. Wáyà wò ó, ó sọ fún mi pé, "Màmá, abẹ́rẹ́ rẹ̀ ló ti bàjẹ́, àti okùn tó ń yí i." Ọjọ́ kejì ó bá mi wá abẹ́rẹ́ àti okùn láti ara ẹ̀rọ mìíràn. Mo gbé e kalẹ̀ láàárín ṣọ́ọ̀bù, mo ti ilẹ̀kùn, mo sì gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti òwúrọ̀ títí di ọ̀sán.

Jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún ọ. Nígbà yẹn, ariwo ni mo pè é. Mi ò pè é ní ariwo mọ́. Ti àkọ́kọ́, èyí tí páálí rẹ̀ pupa, ń sáré jù fún mi, ó dà bíi pé gbogbo wọn ti pẹ́ níbi iṣẹ́. Èkejì ni mo fẹ́ràn, níbi tí obìnrin àárín wọn ti gba orin náà lẹ́nu àwọn ọkùnrin yòókù. O rántí ègbè kan níbẹ̀ tó máa ń dún létí wa bíi "Ẹ gbé e wá, ẹ gbé e wá," tí Màmá á sì máa dáhùn láti ilé ìdáná pé, "Kí la ó gbé wá?" Ó ṣì ń sọ bẹ́ẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín títí. Ìkarùn-ún kò ní gìtá rárá, kíbọ́ọ̀dù ló kún inú rẹ̀, mo sì jókòó tì í láìṣe iṣẹ́ kankan, èmi tí n kì í jókòó lásán. Mo ní nínú ọkàn mi pé ọmọ yìí kò mà ṣìnà o.

Ìgbà tí mo fẹ́ dá ìkẹrin padà sínú ìwé pẹlẹbẹ tó máa ń wà nínú páálí ni mo rí ìkọ̀wé. Pẹ́ńsù pẹlẹbẹ tí a fi ń sàmì sára igi ni, ìkọ̀wé Bàbá, gbẹ̀ǹdẹ̀kẹ̀, láìsí àmì kankan lórí ọ̀rọ̀. Mo fa ti àwọn yòókù jáde. Gbogbo wọn ló ní. Lára ti àkọ́kọ́: "Orin kìíní, ó yá jù. Orin kẹta, mo jó o lẹ́ẹ̀mejì, ó dùn." Lára ìkẹta, èyí tí wọ́n ya àwòrán àga kan sínú omi, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé, "Aṣọ àga yìí á jẹrà." Mo ti ń rẹ́rìn-ín kí n tó tún dé ti ìkẹrin. Ibẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí pé: "Orin kejì. Èyí kò ṣeé jó, ó ń fà jù."

Mo kà á, mo tún un kà. Kò ṣeé jó, ó ń fà jù. Ta ló máa ní rẹ́kọ́ọ̀dù kan kò ṣeé sun níná torí pé orin rẹ̀ ń fà? Ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ wọn ti ọjọ́ Sátidé yẹn padà wá sí etí mi, gẹ́lẹ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́. "Gbogbo rẹ̀ pátá ni mo jó, ojú kìíní, ojú kejì." Wọn ò ní "níná." Ẹni tó ń dáná sun rẹ́kọ́ọ̀dù, ṣé ó máa ń sun ojú kìíní tán kó tó yí i sí ojú kejì? Ijó ni. Àbúrò mi, ijó ni Bàbá ń sọ! Wọ́n ti fi ẹsẹ̀ ara wọn jó orin rẹ, wọ́n sì ń fi ọ̀rọ̀ náà bá ọ ṣeré. Mo rẹ́rìn-ín nílẹ̀ ṣọ́ọ̀bù yẹn, lẹ́yìn náà ẹkún gbà mí lọ́wọ́ ẹ̀rín, mi ò sì lè dá a dúró fún ìgbà díẹ̀.

Kí n tó sọ bí mo ṣe bi Bàbá, mo gbọ́dọ̀ sọ ohun tí dókítà elétí wí, torí òun gan-an ló jẹ́ kí lẹ́tà yìí di kánjúkánjú. Etí òsì Bàbá ti lọ, kò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Ti ọ̀tún ló kù, ìyẹn náà ń lọ. Dókítà ní kí ọdún yìí tó parí, ó ṣeé ṣe kí ó dí pátápátá, pé ẹ̀rọ àfisétí lè ràn án lọ́wọ́ díẹ̀ nísinsìnyí, ṣùgbọ́n kò ní pẹ́ tí kò ní wúlò. Bàbá ní irọ́ ni, pé àwọn gbọ́ gbogbo nǹkan, pé àwa la ń sọ̀rọ̀ sínú ẹnu. Lánàá mo ní kí wọ́n bá mi mú omi, wọ́n gbé òòlù fún mi.

Mo tẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù márààrún síwájú wọn. Ṣé o mọ ohun tí wọ́n kọ́kọ́ wò? Àga. Wọ́n ní, "O ti fi ẹ̀mú ya igi ẹ̀yìn rẹ̀." Mo bẹ Bàbá, mo ní ẹ fi igi sílẹ̀, kí lèyí? Mo rò pé wọn ò gbọ́, mo fẹ́ tún pariwo, wọ́n ní, "Mo gbọ́ ọ."

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ nìyí, mo kọ ọ́ bó ṣe wà. Wọ́n ní nígbà tó o lọ sí ìdánwò, àwọn gbé rẹ́kọ́ọ̀dù kan sórí ẹ̀rọ, torí àwọn kì í bá àga wí láìtíì ṣí inú rẹ̀ wò, àwọn sì fẹ́ mọ ohun tí àwọn fẹ́ sun. Ọjọ́ kìíní, orí fọ́ wọn. Ọjọ́ kejì, orin kan gbé ẹsẹ̀ wọn nílẹ̀. Màmá wà níbi iṣẹ́, èmi wà ní ṣọ́ọ̀bù, kò sí ẹni tó rí wọn. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ méjì fi máa pé, wọ́n ti jó márààrún tán, wọ́n sì kó gbogbo rẹ̀ sínú kọ́bọ́ọ̀dù yàrá wọn kí èéfín ọjọ́ Sátidé má bàa bà á jẹ́. Wọ́n ní àwọn ti ń retí kí o dé. Wọ́n ní àwọn rò pé wàá bi àwọn pé, "Ẹ jó wọn báwo?" kí àwọn sì fi òòlù sílẹ̀, kí àwọn dìde, kí àwọn sì jó o fún ọ lójú gbogbo wa.

Wọ́n ní, "Mo fẹ́ fi ijó hàn án. Ó pè mí ní ìwọ."

Lẹ́yìn tó o lọ, wọ́n kó wọn kúrò nínú kọ́bọ́ọ̀dù lọ sẹ́yìn àga. Wọ́n ní ọdún kan gbáko ni àwọn fi bínú. Lẹ́yìn náà àwọn bẹ̀rẹ̀ sí í retí kí o wá tọrọ àforíjì, o ò wá. Lẹ́yìn náà ojú ló ń tì wọ́n, torí àwọn náà mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn ló dá a sílẹ̀, àwọn ò sì mọ bí èèyàn ṣe ń bẹ̀rẹ̀ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn tí ó ti pẹ́ tó báyẹn. Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọ́n fi ṣí ẹ̀yìn àga náà lẹ́ẹ̀mọ́kànlá. Wọ́n ní, "Ìgbà tó bá wù mí ni mo máa ń ṣí i." O mọ bí wọ́n ṣe máa ń dáhùn.

Mo fi èkejì sórí ẹ̀rọ fún wọn. Orin ti dé àárín kí wọ́n tó bi mí pé, "Ṣé ó ti bẹ̀rẹ̀?" Mo fà wọ́n sún mọ́ ọn, wọ́n gbé etí ọ̀tún lé sípíkà, wọ́n tẹ́ ọwọ́ lé orí àpótí rẹ̀. Wọ́n ní àwọn gbọ́ ìlù ńlá díẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n ní, "Ohùn rẹ̀ ńkọ́? Ṣé ó ṣì ń ti imú jáde?" Mo rò pé akọrin ni wọ́n ń bi mí, mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ó ṣì ń ti imú jáde. Wọ́n ní, "Àbúrò rẹ ni mò ń bi ọ́."

Ohun tí mo fẹ́ lọ́wọ́ rẹ nìyẹn. Kí ohùn rẹ dé etí yẹn kó tó dí. Kì í ṣe lẹ́tà, kì í ṣe iṣẹ́ tí wàá rán mi, torí èmi náà lè pariwo, ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni wọ́n ń bi léèrè. Mi ò dá ẹjọ́ fún ẹnikẹ́ni nínú ẹ̀yin méjèèjì. Agídí yín, ìwọ̀n kan náà ni. Bí mo bá fi téèpù wọ̀n ọ́n, kò ní fi íǹṣì kan ju ara wọn lọ. Ìsinmi ilé ìwé yín ku ọ̀sẹ̀ mélòó? Má dúró dè é bó bá jìnnà. Lọ tọrọ àyè lọ́wọ́ ọ̀gá àgbà rẹ, sọ fún un pé ọ̀rọ̀ etí ni. Mi ò sì ní fi rẹ́kọ́ọ̀dù kankan ránṣẹ́ sí ọ o. Bó o bá fẹ́ ẹ, wá gbé e.

Bàbá mọ̀ pé mò ń kọ ọ́. Wọ́n rí bébà, wọ́n mọ ẹni tí mò ń kọ̀wé sí. Wọ́n ní, "Má bẹ̀ ẹ́." Nítorí náà mi ò bẹ̀ ọ́. Mò ń sọ fún ọ ni.

Mo ti sọ tẹnu mi. Kí Ọlọ́run tó dá etí bá ọ la ọ̀nà rẹ, kí ó dá ẹ̀mí ìwọ àti àwọn ará ilé rẹ sí, kí iṣẹ́ rẹ má ṣe di ìnira fún ọ, kí àwọn ọmọ rẹ má sì ṣe ní ọjọ́ kan tí wọn ò ní lè bá ọ sọ̀rọ̀. Ọkọ mi ní àmín, ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n rẹ kan ṣoṣo.

Àfikún: Mo ti lẹ lẹ́tà yìí pa, mo tún ya á. Mo lọ san owó iṣẹ́ fún Wáyà, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí abẹ́rẹ́, òun ló sọ ọ̀rọ̀ kan fún mi tí mi ò mọ̀. Ó ní láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, Bàbá ń wá sí ṣọ́ọ̀bù òun ní àárọ̀, wọ́n á mú bébà kékeré kan jáde tí nọ́ńbà rẹ wà lára rẹ̀, wọ́n á ní kí ó bá àwọn tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta nìyẹn. Wọ́n á gbé fóònù sí etí, wọ́n á dúró, wọ́n á dá a padà, wọ́n á ní, "Kò gbé e." Wáyà ní irọ́ ni, o gbé e lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, òun rí i bí fóònù ṣe ń ka ìṣẹ́jú. O ń sọ hẹ́lò, wọn ò gbọ́ ọ, wọ́n sì ń dúró kí o sọ̀rọ̀, ìwọ náà ò gbọ́ nǹkan kan, o gé e. Wọn kì í ṣe gbájú-ẹ̀. Bí nọ́ńbà tí o kò mọ̀ bá tún pè ọ́ ní àárọ̀ tí ẹni náà dákẹ́, dákun, má gé e. Má sọ hẹ́lò. Fi gbogbo agbára rẹ pariwo "Bàbá," bó tilẹ̀ jẹ́ pé o wà níwájú kíláàsì.